Kápúsù Tí Ọkọ Alágbàfọ̀ Gbé Mì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àṣírí àdúgbò, kó má wulẹ̀ da ọlọ́pàá láàmú. Alágbàfọ̀ ni kó lọ bá, nítorí aṣọ kò mọ irọ́ pa. Ọkùnrin tó ní ìpàdé ni òun ti ń bọ̀, tí àtíkè obìnrin wà léjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Olùkọ́ tó ní òun kì í fẹnu kan ọtí, tí ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ń rùn bí àgbá. Gbogbo wọn pátá ni alágbàfọ̀ mọ̀. Ojú á rí, ẹnu á dákẹ́. Iṣẹ́ náà gba bẹ́ẹ̀.

Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Afínjú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, kò sì sẹ́ni tó máa rí i tó máa ní orúkọ náà kò yẹ ẹ́. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù: tábìlì ìlọṣọ méjì, ọpọ́n ńlá mẹ́rin, àpótí ìjókòó kékeré kan, àti okùn ìsáṣọ mẹ́fà tó gba àgbàlá já dé ògiri ẹ̀yìn. Kò sí àbàwọ́n tí kò mọ oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, omi tútù ni. Ẹni tó bá da omi gbígbóná sí i ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ títí ayé. Yíǹkì, iyọ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ṣoríkunkun, yóò rẹ ẹ́ sínú omi. Èyí tí rírẹ kò bá ràn, yóò sè é. Èyí tó bá tún kọ̀ lẹ́yìn sísè, yóò da bílíìṣì, omi tó ń bó àwọ̀ aṣọ, lé e lórí. Ó máa ń sọ ọ́ pé kò sí ìdọ̀tí tó lágbára ju ọṣẹ lọ, àfi bí ọwọ́ bá tètè rẹ ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń fi yangàn yìí gan-an ló wá kó bá a.

Ọjọ́ Ajé kan ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń ya aṣọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti oníbàárà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bá a ká aṣọ ibùsùn. Àǹtí Ṣebí-Mo-Wí ni ẹbí ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i sáyé, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí tí kò jẹ́ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Bí òjò rọ̀, ó wí bẹ́ẹ̀. Bí òjò kò rọ̀, ó wí bẹ́ẹ̀ náà. Ojú rẹ̀ ló bá nǹkan kan lára páńtì àbúrò rẹ̀: omi kan tó ti gbẹ, tó funfun díẹ̀, kò ju ìbú ìka méjì lọ.

"Kí leléyìí?"

"Kí ni kó jẹ́? Ara obìnrin ni, Àǹtí."

"Ara obìnrin wo?" Àǹtí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá. "Ọkọ ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn ọjọ́ méjìlá dé ni? Àbúrò mi, awakọ̀ lo fẹ́ o. Ọ̀nà jìn, èèyàn sì pọ̀ lọ́nà."

Ọkọ Afínjú ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì ti lọ sílé ìwé nílùú mìíràn, àwọn méjì ló kù nínú ilé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń gbé, Afínjú kò sì fura sí i rí. Omi tí Àǹtí rí yẹn, òun náà ti ń rí i láti ìgbà ọmọge rẹ̀, ó ń wá, ó ń lọ, kò rùn, kò yún un, òun kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí ti fi ojú ọ̀daràn wò ó, òun náà kò lè fi ojú mìíràn wò ó mọ́.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ìwọ lò ń bi mí? Ìwọ alágbàfọ̀? Lọ fọ ibẹ̀ dáadáa!"

Ó lọ fọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́. Láàárọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀, nírọ̀lẹ́, ọṣẹ. Kì í ṣe ìta nìkan ló ń fọ̀ o, ó ń ki ìka bọ inú, ó ń fọ̀ ọ́ jinlẹ̀jinlẹ̀ bí ẹni tó ń fọ inú ìgò. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, ó ń kán an sínú omi. Ó ń ta á. Ó ní bí oògùn ò bá ta èèyàn, kì í ṣe oògùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni òórùn náà dé.

Òórùn ẹja ni, ẹja tó ti sùn mọ́jú níta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ọ, ó yẹ ìdí tábìlì wò, ó yẹ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ àwọn oníbàárà wò, ó tilẹ̀ fura sí ológbò ará ilé kejì. Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé ara òun ni. Ojú tì í débi pé ó ń takété sí àwọn oníbàárà, ó ń na ọwọ́ gbàgà gba aṣọ lọ́wọ́ wọn láti òdì kejì tábìlì. Òun Afínjú! Òun tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́! Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú pátápátá. Aṣọ wo ni èèyàn ń fọ̀ tó ń dọ̀tí sí i? Láti ọjọ́ tí ó ti di alágbàfọ̀, kò rí irú rẹ̀ rí, nítorí náà ó ṣe ohun tó máa ń ṣe fún aṣọ olóríkunkun. Ó fi kún ọṣẹ, ó sì fi kún oògùn.

Nígbà tí kò lọ, ó gba ọ̀dọ̀ Dókítà lọ.

Dókítà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe dókítà. Ó ń ta oògùn ní ìkòríta ni. Ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀ ló sọ ọ́ di dókítà, ẹni tó sì ń fọ ẹ̀wù funfun náà, tó ń fi sítáàṣì sí i, tó ń lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi dúró ṣánṣán fúnra rẹ̀, Afínjú ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe dókítà náà, òun kan náà ló tún lọ ń fi orí balẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

"Ìnfẹ́kṣọ̀n ni. Ó wọ́pọ̀." Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó mú páálí kápúsù aláwọ̀ pupa àti dúdú méjì. "Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Páálí kan tiyín, ìkan ti ọkọ yín."

"Ọkọ mi kẹ̀? Ara rẹ̀ le."

Dókítà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ ju bó ṣe fẹ́ sọ lọ. "Àǹtí, tí ẹ bá dá a lò, ẹni tó fún yín náà ló máa tún kó o ràn yín."

Afínjú kó oògùn, ó ń lọ sílé. Àǹtí ti wí i, ẹ̀wù funfun náà tún wí i. Bí èèyàn méjì bá wí ohun kan náà, ṣé irọ́ ni? Ó ń rò ó bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó fi lọ́kàn pé bí ọkùnrin náà bá bi òun pé "kí ló wà fún?", òun yóò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń béèrè.

Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó gbé kápúsù kan àti ife omi síwájú rẹ̀. Kò lè wo ojú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ mu èyí."

Ọkọ rẹ̀ wo kápúsù náà. Ó gbé ojú sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo kápúsù náà. Lẹ́yìn náà ó jù ú sẹ́nu, ó fi omi lé e, ó gbé e mì. Ó ní "o ṣeun," ó dìde, ó lọ jókòó síta.

Kò béèrè nǹkan kan.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn Afínjú kò ti balẹ̀ mọ́. Ọjọ́ méje gbáko ni ọkùnrin náà fi ń gbé kápúsù mì, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, láìbéèrè. Ta ni kì í béèrè irú oògùn tí wọ́n ní kó mu? Ẹni tó ti mọ̀ ni! Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rò ó dé ibẹ̀, yóò tún rántí pé òun kò bá àmì obìnrin lára aṣọ ọkùnrin yìí rí, òun tó lè fi ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì sọ ibi tí ọkọ oníyàwó ti sun oorun ọ̀sán. Ó tún kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde, ó ń yẹ ojú rírán wò, ó ń gbọ́ òórùn abẹ́ apá. Epo ọkọ̀ ni, eruku ọ̀nà ni, òógùn ni. Kò sí nǹkan mìíràn. Àìsí nǹkan mìíràn náà tún wá di nǹkan tó ń kọ ọ́ lóminú.

Kápúsù lé òórùn náà lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó wá rọ́pò rẹ̀ burú jù ú lọ. Ìyún ni, ìyún tí kò ṣeé sọ fún èèyàn, tí kò sì ṣeé họ lójú oníbàárà. Ohun tó ń jáde ki bí wàrà tó dì. Bí ó bá tọ̀, bí iná ni. Kò lè jókòó lórí àpótí ìdí ọpọ́n mọ́, ìdúró ló fi ń fọṣọ, tí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ó padà sọ́dọ̀ Dókítà, Dókítà fún un ní páálí méjì mìíràn. Ó gbé ti ọkọ rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ gbé e mì. Kò béèrè.

Nígbà tí ọkùnrin náà tún ti ìrìn-àjò dé, Afínjú tú àpò rẹ̀ láti kó aṣọ ìdọ̀tí, ó sì bá ṣẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Ó gbé e sí imú. Ọṣẹ olóòórùn òdòdó. Afínjú kì í lo ọṣẹ olóòórùn láyé rẹ̀; ó ní ọṣẹ tó bá dá ara rẹ̀ lójú kì í fín lọ́fínńdà. Ọṣẹ ilé onílé ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà padà, ó rí ilà dúdú ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ gbọọrọ, ẹni tó fọ̀ ọ́ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí wá tún da orí rẹ̀ rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ obìnrin ló fọ̀ ọ́, irú obìnrin wo ni kò mọ ọrùn aṣọ fọ̀? Ṣé nítorí irú ẹni báyìí ni ọkọ òun ṣe ń dalẹ̀ òun? Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ṣẹ́ẹ̀tì lórí itan, ó ń sunkún, kò sì lè sọ bóyá ìyún ló ń pa òun lẹ́kún ni, tàbí owú, tàbí ìwọ̀sí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò dára.

"Ṣebí mo wí!" ni Àǹtí ké nígbà tó gbọ́, ó fò dìde. "Ṣebí mo wí! Ó parí. Sátidé, agogo mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ máa wá síbí, èmi náà á wà níbẹ̀. Ọkọ ẹ á jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa. Tí kò bá jẹ́wọ́, ò ń tẹ̀lé mi lọ sílé."

Afínjú kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún wá di ohun tí wọ́n fẹ́ fi agogo mẹ́rin ọjọ́ Sátidé dá ẹjọ́ rẹ̀. Àǹtí sì ti ránṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ó máa ń dá aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kékeré kan padà, ogójì aṣọ funfun tí a ká tí a dì. Nọ́ọ̀sì àgbà ló máa ń kà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ni, ó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn, ó máa ń bá Afínjú ṣeré. Lọ́jọ́ náà ó fa àga fún un.

"Ẹ jẹ́ n dúró, Màmá."

Nọ́ọ̀sì dá kíkà dúró. "Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò rí i kó o dúró níbi tí àga wà rí. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò-sí-nǹkan kì í jẹ́ kéèyàn máa gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì bí ẹyẹ." Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ó yá."

Bí ìgbà tí èèyàn tú ìdì aṣọ ni Afínjú tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Àǹtí, òórùn, Dókítà, kápúsù, ìyún, ṣẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì kò dá a dúró. Ìgbà tó parí ni ó béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

"Kí lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Ojú ti ń ti Afínjú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bi í yìí, ara rẹ̀ sì yá gágá. Iyọ̀, ó ní. Ọṣẹ fífọṣọ, nítorí ó mọ́ ju ti ìwẹ̀ lọ. Oògùn apakòkòrò, ìdérí ìgò kan nígbà kan, nísinsìnyí ìdérí mẹ́ta. Omi ọsàn wẹ́wẹ́, nígbà tí òórùn ń dà á láàmú. Ó tilẹ̀ fẹ́ sọ ti omi tó ń bó àwọ̀, pé òun ti gbé ìgò rẹ̀ dání lẹ́ẹ̀kan kí ọkàn òun tó kọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ti bọ́ awò ojú, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Olúwa mi o," ló ní. "Ta ló sọ fún ẹ pé ibẹ̀ dọ̀tí?"

Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Gbọ́. Inú ojú ara obìnrin ń fọ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Omi tí ẹ̀gbọ́n ẹ rí lára páńtì, omi ìfọ̀ ẹ̀ ni. Kò yún ẹ nígbà náà?"

"Rárá, mà."

"Kò rùn?"

"Kò rùn."

"Àlàáfíà lo wà nígbà náà. Àwọn kòkòrò kan ń gbé ibẹ̀ tójú ò lè rí, àwọn ló ń ṣọ́ ilé. Oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ lo dà sí wọn lórí. Nígbà tí ọlọ́dẹ kú, ṣé olè ò ní wọlé? Èyí tó ń rùn wọlé. Ẹlẹ́wù funfun ẹ tún fún ẹ ní kápúsù, ó pa ìyókù ọlọ́dẹ. Èyí tó ń yún èèyàn náà wọlé. Ni wọ́n bá jọ ń gbé." Ó mí kanlẹ̀. "Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìta ni à ń fi omi lásán fọ̀. Inú, má débẹ̀ mọ́."

Ó mú un lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní kó dùbúlẹ̀ kó tú ẹsẹ̀ ká, ó sì ń sọ ohun gbogbo tó fẹ́ ṣe fún un kó tó ṣe é. Ó fi òwú tó wà lórí igi tín-ín-rín mú díẹ̀ nínú omi náà, ó gbà á lẹ́jẹ̀, ó ní kó tọ̀ sínú ife nítorí àtọ̀gbẹ, pé ìyún tí kò lọ máa ń jẹ́ àmì rẹ̀ nígbà mìíràn. Ó lọ wo omi ara náà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tíntín di ńlá, ó sì padà wá mi orí.

"Ohun tí mo rò náà ni, méjèèjì. Ẹnì kankan ò nílò láti kó o ràn ẹ́. Mo máa fún ẹ lóògùn: èyí tí wàá gbé mì, àti èyí tí wàá máa tì sínú lọ́jọ́ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn tó jẹ́ pé ara ọkùnrin ni wọ́n ti ń wá, èsì tiwọn di Sátidé."

"Ṣé wọ́n lè wà níbẹ̀ náà?"

"Mi ò kì í sọ ohun tí mi ò tíì rí."

"Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì ò sí nínú iṣẹ́ mi. Bi ẹni tó wọ̀ ọ́."

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀lé e, bí ẹni tó ń rìn nínú kùrukùru ló rí. Ó ń lo oògùn, iná ara rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ilé ìwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá ọṣẹ fúnra rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú. Fífọ̀ ló ti ń ṣe láyé rẹ̀. Wọ́n wá ní kó fi nǹkan sílẹ̀ kó lè mọ́. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ó ń wo ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń jẹun. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tó mọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà mìíràn á dà bí ojú àjèjì. Ọkọ rẹ̀ náà ń wò ó. Bí ojú wọn bá ṣe mẹ́rin, àwọn méjèèjì á yí ojú kúrò.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò pọ̀ nílé ìwòsàn. Ó ti kọjá agogo mẹ́ta kí Nọ́ọ̀sì tó na ìwé sí i. Kò sí àtọ̀sí, kò sí rẹkórẹkó, kò sí ìkankan nínú gbogbo ohun tí wọ́n wá lọ. Ṣúgà ara rẹ̀ dára. "Bó bá tún yí padà," ni Nọ́ọ̀sì wí, "àwọ̀ ni o, òórùn ni o, ìyún ni, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti oṣù, ibí ni kó o wá. Má lọ síwájú ẹ̀wù tó o fọ̀ fúnra ẹ."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Wọ́n ti jókòó láàárín ọpọ́n àti tábìlì ìlọṣọ: Àǹtí lórí àga tó ga jù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà kan tí oorun ń kùn, àti ọkọ rẹ̀ lórí àpótí kékeré ìdí ọpọ́n, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àǹtí kò tilẹ̀ jẹ́ kó mí.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ọ̀rọ̀ àìsàn kan ló wọ inú ilé yìí, a sì fẹ́ mọ ẹni tó gbé e wọlé…"

Ọkọ Afínjú dìde. Ẹnu ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kì í dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ má dójú tì í. Mo ti dárí jì í tipẹ́."

"O dárí ji ta?" ni Àǹtí wí.

"Ìyàwó mi." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Láti ìrọ̀lẹ́ tó ti gbé kápúsù síwájú mi, tí ò lè wojú mi. Èmi mọ ibi tí mo dé lọ́nà, mo mọ̀ pé mi ò kó nǹkan kan bọ̀. Tí kì í bá ṣe èmi, òun ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mi ò kì í gbélé. Ọjọ́ méjìlá, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kí ni mo fẹ́ wí? Tí mo bá béèrè, á sọ ọ́, tó bá sì ti sọ ọ́, mi ò mọ ohun tí a máa ṣe sí i. Ni mo bá ń gbé e mì."

Oorun ti dá lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àǹtí Ṣebí-Mo-Wí wá ohun tó ti wí tẹ́lẹ̀ tó jọ èyí, kò rí i.

Afínjú ṣí ìwé èsì náà. "Bàbá wọn," ló ní, "kò sí ẹnì kankan."

"Mo ní mo ti…"

"Ẹ gbọ́ mi. Kò sí ẹnì kankan. Kò wá láti ọ̀dọ̀ yín, kò wá láti ọ̀dọ̀ èèyàn kankan. Èmi ni mo fi ọṣẹ àti oògùn fọ ara mi bàjẹ́. Ìwé rèé." Ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì rántí ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn ńkọ́? Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni." Ojú tì í. "Mo rí i pé o ò lè jókòó sórí àpótí yìí mọ́. Mo ní kí tèmi má kún un. Ọ̀dọ̀ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan ni mo ti tọrọ ọṣẹ." Ó yí ojú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kò mọ́ ni?"

"Kò mọ́ rárá," ni Afínjú wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló gbọ́n jù nínú wọn. Ó dìde, ó gbá ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní Àǹtí ẹ jẹ́ ká máa lọ, ó sì fi ọwọ́ ṣe é sí ọ̀nà ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń da adìyẹ.

Nígbà tó ku àwọn méjì, Afínjú dúró láàárín ọpọ́n, kò mọ ibi tí yóò gbà. Ó yẹ kí ó bínú: láti ọjọ́ kápúsù ni ọkùnrin yìí ti gbà pé ìyàwó rẹ̀ ṣe panṣágà. Ó yẹ kí ó kúnlẹ̀: ó gbà bẹ́ẹ̀, kò sì lọ. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀ nípa ọkọ rẹ̀, ohun tí òun sì ṣe ni pé òun pe ìgbìmọ̀ lé e lórí. Ìbínú ń wá, ìtìjú ń wá, ọpẹ́ ń wá, kò sì sí ọ̀kan tó dúró pẹ́ tó kí ó dì í mú. Ó ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ọkọ rẹ̀ ti rí páálí oògùn tuntun lórí tábìlì ìlọṣọ, èyí tí Nọ́ọ̀sì fún un, tó ku ọjọ́ mẹ́rin kó tán. Ó mú un, ó sì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, ó ti ń wo ọ̀nà ife omi.

"Tèmi ni," ni Afínjú wí kíákíá. "Ẹ má mu ìyẹn."

Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. Ó yí páálí náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè, ó wojú ìyàwó rẹ̀, ojú ìyàwó rẹ̀ kò sì yẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí ló wà fún?" ló béèrè.

Afínjú fa àga kan, ó rọra jókòó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.